Ọ̀nà tí Wọ́n Là sí Ìdí-Ìyeyè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kéré. Ẹ tún un gbè. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi yín náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ agbo ilé yìí, bí mo bá pe ààlọ́, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò a máa gbọ́ ìdáhùn. Ẹní bíi mélòó kan la máa ń tẹ́ síta, síbẹ̀ àwọn kan á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ẹní kan ti gbà wá tán, àyè sì tún ṣẹ́kù fún ajá. Fadérera, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí àyè ajá.

Ààlọ́ mi gbéra, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Ó ya igi sílẹ̀, ó ya òkúta sílẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni dúró lójú ọ̀nà, àfi ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Òkété, ọkọ Àwẹ̀ró, tí í gbé Ìdí-Ìyeyè.

Ẹ má wí pé ti Ìjàpá lẹ fẹ́ gbọ́. Ìjàpá ti sùn. Ẹ jẹ́ kó sinmi, ó ti jìyà tó.

Láyé ìgbà náà, Òkété kò gbé inú ilẹ̀. Ilé ló ń gbé, ilé alámọ̀ tó ní ìloro bíi tiwa yìí. Abúlé kékeré kan ni Ìdí-Ìyeyè, ó wà lẹ́yìn igbó, ó sì jìnnà sí gbogbo ayé. Bí ẹ bá fẹ́ dé ibẹ̀, ẹ ó gba inú ẹ̀gún, ẹ ó gba inú omi, ẹ ó ṣìnà kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pọ̀. Òkété wà níbẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń mọ ìkòkò. Akókó gbẹ́nàgbẹ́nà wà níbẹ̀, ó ń gbẹ́ odó, ó ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́. Àwọn Ẹ̀gà díẹ̀ wà lórí igi, wọ́n ń hunṣọ, ariwo wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí oorun ọ̀sán sùn. Ó tán. Bí oòrùn bá ń wọ̀, gbogbo wọn á kóra jọ sábẹ́ igi ìyeyè, wọn á máa ṣa èyí tó já sílẹ̀ jẹ, wọn á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Akókó ní ìtàn kan. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín lánàá náà ni wọn á tún ti rẹ́rìn-ín lónìí.

Ọrọ̀ Òkété nìyẹn. Kò mọ̀ pé ọrọ̀ ni. Ohun tó ń wù ú ni kí òun di baálẹ̀ ìlú ńlá, kí àwọn ènìyàn máa dọ̀bálẹ̀ fún òun láti ìloro dé ẹ̀yìnkùlé. Ta ni ì bá sì dọ̀bálẹ̀ fún un ní Ìdí-Ìyeyè? Akókó ni, tó jẹ́ pé ara igi ló máa ń wà ní òòró?

Ìlú ńlá wà lọ́hùn-ún. Àgbẹ̀dẹ-Ńlá ni orúkọ rẹ̀. Ẹfọ̀n ni alágbẹ̀dẹ wọn, bó bá fẹ́ná, ilẹ̀ á mì. Nítorí pé Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta irin wà níbẹ̀. Nítorí pé àwọn tó ń ta irin wà níbẹ̀, àwọn tó ń se oúnjẹ wà níbẹ̀. Nítorí pé oúnjẹ wà níbẹ̀, àwọn aláró àti àwọn ahunṣọ wá jókòó síbẹ̀. Ẹnìkan kò pe ẹnìkan. Wọ́n kàn ń rí ara wọn ni.

Ìṣòro kan ló bá Àgbẹ̀dẹ-Ńlá fínra. Ní òdìkejì àbàtà ni Òkè-Èédú wà, níbi tí Ọ̀bọ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń sun èédú. Bí òjò bá rọ̀, àbàtà á kún, èédú kò ní dé, iná Ẹfọ̀n á kú, ọwọ́ gbogbo ìlú á wá dilẹ̀. Wọn á jókòó, wọn á máa wo ojú ara wọn.

Ni Àjànàkú ọba wọn bá ní ó tó. Ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, gbogbo ìlú yóò ṣe ọ̀wẹ̀, wọn yóò la ọ̀nà kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni agbára wọn ká. Ibo ni kí wọ́n là á sí? Àwọn kan ní Òkè-Èédú. Òkété ní rárá, Ìdí-Ìyeyè ni.

Òkété ni ìránṣẹ́ ọba. Ẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ń gba ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un níṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Àjànàkú, ó ní bó bá jẹ́ pé nítorí ẹsẹ̀ la ṣe ń la ọ̀nà, ẹsẹ̀ ta ló ń jìyà tó ti àwọn ará Ìdí-Ìyeyè? Àbàtà Òkè-Èédú kò fẹ̀. Igbó Ìdí-Ìyeyè ni kò lópin. Kí ọba wo ibi tí ìrìn tó pọ̀ jù ti máa dín kù, kó là á síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní orí, ó ní ìdí. Àwọn ìjòyè ti ń mi orí. Ṣùgbọ́n Àjànàkú ti rìn púpọ̀ láyé rẹ̀. Ibi tí Àjànàkú bá gbà, ọ̀nà ló ń dà. Ó ti rí ohun tí ọ̀nà ń ṣe.

Ó ní, "Ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ nìkan wọn ọ̀nà. Bó bá dín ìrìn kù, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè pé ta ni yóò di aládùúgbò ta, lẹ́yìn tí a bá là á tán. Bí eléèédú bá súnmọ́ alágbẹ̀dẹ, iná kò ní kú. Bí iná kò bá kú, ọkọ́ á pọ̀. Bí ọkọ́ bá pọ̀, ẹni tó ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ á wá. Ẹni tó wá ra ọkọ́ á rí ìkòkò rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń wò wọ́n á kọ́ṣẹ́ láì jẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Ló bá rán Òkété sí àwọn tí yóò la ọ̀nà, tí wọ́n ti pé jọ pẹ̀lú àdá àti ọkọ́ lẹ́yìn odi ìlú. Ó ní kó wí fún wọn pé, "Ọba ní, kí ọ̀nà tọ ọnà lọ."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀nà ni èyí tí a ń rìn. Ọnà ni èyí tí ọwọ́ ń ṣe. Ohun tí ọba ń wí ni pé, kí ọ̀nà máa lọ síbi tí iṣẹ́ ọwọ́ wà. Fadérera, tún un wí kí n gbọ́. Ó ṣeun. Ìwọ kò ní ba ìlú jẹ́.

Òkété mú ọ̀nà pọ̀n. Ó ń rìn, ó ń tún ọ̀rọ̀ náà wí sínú. Kí ọ̀nà tọ ọnà lọ. Kí ọ̀nà tọ ọnà lọ. Bó ṣe dé ìdí igi kan, ó dúró. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé òun kò nílò láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un, òun kò sì nílò láti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bí òun bá ti gbé ohùn sókè síhìn-ín, tí òun rẹ ohùn sílẹ̀ sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ti yí padà, kò sì sí ẹni tó lè wí pé òun purọ́.

Ló bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ó tú ẹ̀kẹ́, ó ní, "Ọba ní, kí ọnà tọ ọ̀nà lọ."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òkété ní ẹ̀yin náà ẹ kò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni? Ibi tí ọ̀nà bá lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ yóò bá a lọ. Kí ni ẹ tún fẹ́ là á lọ sí Òkè-Èédú fún, níbi tí iṣẹ́ ti wà tẹ́lẹ̀? Ẹ là á lọ síbi tí ilẹ̀ ti ṣófo, iṣẹ́ á tẹ̀lé e bí ajá ṣe ń tẹ̀lé ọdẹ. Ó ní ibi tí ọba ń sọ ni Ìdí-Ìyeyè.

Ọ̀rọ̀ ọba máa ń jinlẹ̀, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà. Ẹfọ̀n nìkan ni kò tíì gbé àdá. Alágbẹ̀dẹ kì í gba irin láì kàn án wò. Ó béèrè pé, "Òkété, bí a bá là á tán, tí ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ bá wá kó kúrò ńkọ́?"

Òkété ní kúrò kẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Ó ní, "Kí ilẹ̀ gbé mi mì lọ́jọ́ tí mo bá sùn níbòmíràn yàtọ̀ sí Ìdí-Ìyeyè."

Ẹ ò rí i? Kò sí ẹni tó ní kó búra. Wọ́n ì bá ti gbà á gbọ́ láì búra. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti dùn mọ́ ara rẹ̀, kì í mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n hú kùkùté, wọ́n fi igi dábùú omi. Òkété ń lọ níwájú, ó ń dá orin, wọ́n ń gbè é. Ẹ̀yin náà ẹ gbè é. "Tẹ̀ ẹ́ wá o, tẹ̀ ẹ́ wá" ni ègbè yín. Ẹ jẹ́ kó dún.

Ọ̀nà tuntun là gbọọrọ,
Tẹ̀ ẹ́ wá o, tẹ̀ ẹ́ wá.
Alágbẹ̀dẹ ẹlẹ́wìrì,
Tẹ̀ ẹ́ wá o, tẹ̀ ẹ́ wá.
Eléèédú ọlọ́wọ́ dúdú,
Tẹ̀ ẹ́ wá o, tẹ̀ ẹ́ wá.
Ìyá aláró tí í rẹṣọ,
Tẹ̀ ẹ́ wá o, tẹ̀ ẹ́ wá.
Ìyeyè pọ́n, ó ń já sílẹ̀,
Tẹ̀ ẹ́ wá o, tẹ̀ ẹ́ wá.
Ẹni tó bá wá kò ní lọ mọ́,
Tẹ̀ ẹ́ wá o, tẹ̀ ẹ́ wá.

Ẹ ṣeun. Ègbè yín dára ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀nà là, ó mọ́ tónítóní. Bí ẹ bá dúró sí Ìdí-Ìyeyè ní òwúrọ̀ tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá, ẹ ó gbọ́ òòlù Ẹfọ̀n lókèèrè, kò, kò, kò. Òkété kọ́ àtíbàbà sí apá ọ̀tún àti sí apá òsì. Èyí jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ, èyí jẹ́ ti eléèédú, èyí jẹ́ ti aláró. Ó rán fìlà baálẹ̀. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó ń wo ibi tí wọ́n yóò ti yọ.

Ẹnìkan kò yọ. Òkété ní wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni.

Àwọn Ẹ̀gà ló kọ́kọ́ rìn ín. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ta aṣọ ní Àgbẹ̀dẹ-Ńlá. Òkété yọ̀, ó ní kí wọ́n lọ ròyìn Ìdí-Ìyeyè fún wọn. Wọ́n lọ, wọ́n sì padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe padà, ẹnu wọn kò dákẹ́. Wọ́n ní àwọn rí àwọn Ẹ̀gà mìíràn níbẹ̀, wọ́n kún orí ọ̀pẹ kan ṣoṣo títí imọ̀ ọ̀pẹ fi tẹ̀. Wọ́n ní òwú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, aró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó ń rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ti fi irú híhun kan hàn wọ́n tí wọn kò rí rí. Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n jẹ ìyeyè, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n kó.

Òkété ní kò burú. Ó ní ariwo wọn ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Ó sun oorun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Oorun náà kò dùn tó bó ṣe rò.

Lẹ́yìn náà ni Akókó wá a wá. Ó dúró lẹ́nu ìloro, kò wọlé. Ó ní, "Òkété ọ̀rẹ́ mi, mo ti ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ níhìn-ín láti ìgbà èwe mi, mo sì ń dúró de ọkọ́ tí yóò bọ́ sínú rẹ̀. Lọ́hùn-ún, bí mo bá na ọwọ́, ọkọ́ ni mo kàn. Ẹfọ̀n ń wò mí, mo ń wò ó. Àwa méjèèjì ti mọ ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Òkété ní, ìtàn wa ńkọ́? Akókó ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ó gbé odó rẹ̀ tó kéré jù fún Òkété, ó ní kó fi máa rántí òun. Ó lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Òkété àti Àwẹ̀ró jókòó sábẹ́ igi. Òkété ní òun yóò sọ ìtàn Akókó. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ dé ìdajì, ló bá dúró. Ó wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró náà kò mọ ìyókù. Ẹ wò ó, gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín bó bá ti dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ dé òpin rí. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé. Ìyeyè ń já sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, pọ́, pọ́, kò sẹ́ni tó ṣà á.

Ó wá ku Àwẹ̀ró. Kẹ́ ẹ tó bínú sí Àwẹ̀ró, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìkòkò kì í dán mọ́rán bí ẹnìkan bá ń dá a sun. Àwọn amọ̀kòkò á kó tiwọn jọ, wọn á tò ó gegere, wọn á fi igi àti koríko bò ó, iná kan á sun gbogbo rẹ̀. Iná ẹnìkan kéré, atẹ́gùn á máa fẹ́ ẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìkòkò á sì sán. Tẹ́lẹ̀, Akókó máa ń fún un ní èèpo igi, àwọn Ẹ̀gà máa ń já koríko wá. Ní báyìí, ó ń dá ṣa igi, ó ń dá dáná, bó bá ṣí i, èyí tó sán pọ̀ ju èyí tó dára lọ.

Ó kọ́kọ́ ń lọ sí Àgbẹ̀dẹ-Ńlá láti lọ sun ìkòkò, ó ń padà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, ó ń pẹ́ kó tó padà. Òkété kì í bi í. Ó máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi rí i lókèèrè pẹ̀lú ẹrù lórí, nígbà náà ni yóò sáré wọlé lọ dùbúlẹ̀, kó má baà mọ̀ pé òun ń retí rẹ̀. Òmùgọ̀ ni. Ọkùnrin mélòó ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, inú ilẹ̀ ló wà báyìí.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró di gbogbo ẹrù rẹ̀. Ó ní kí Òkété dìde, kí àwọn jọ máa lọ. Òkété ní òun ti búra.

Àwẹ̀ró ní, "Mo mọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló so yín mọ́lẹ̀, kì í ṣe èmi."

Òkété ní ṣé ó ń kọ òun sílẹ̀ ni.

"Mi ò kọ̀ yín. Ìkòkò ló ń sán."

Ó fi ìkòkò omi kan sílẹ̀ fún un, èyí tó dára jù. Ó fi ata àti iyọ̀ síbi tí yóò ti rí i. Ó gbé ẹrù rù, ó sì mú ọ̀nà náà pọ̀n, ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ fi orin là.

Òkété gbàgbé ìbòsí, orí àtẹ ló dé tó fi káwọ́ lérí. Ẹ ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ń fi í rẹ́rìn-ín ni. Ó káwọ́ lérí lóòótọ́, nínú ìlú tó kọ́ fún àwọn tí kò wá. Atẹ́gùn ń gba àárín àtíbàbà alágbẹ̀dẹ kọjá, ó ń gba àárín ti aláró. Fìlà baálẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó sì gbọ́ òòlù Ẹfọ̀n lókèèrè, kò, kò, kò.

Ló bá gbéra, ó tọ Àjànàkú lọ. Ó jẹ́wọ́. Ó ní òun ló yí ohùn ọ̀rọ̀ padà. Ó ní ìyà tó bá wu ọba ni kó fi jẹ òun, ṣùgbọ́n kí ọba jọ̀wọ́, kó fi ẹ̀gún dí ọ̀nà náà, kí àwọn ènìyàn òun lè padà sílé.

Àjànàkú kò bínú. Ó ti mọ̀, ó kàn ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí ni. Ó ránṣẹ́ pe àwọn Ẹ̀gà, ó ní ọ̀nà yẹn ńkọ́? Wọ́n ní ó dára. Ó pe Akókó, ó ní ó dára. Ó pe Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní ìkòkò òun kì í sán mọ́.

Ọba wá kọjú sí Òkété. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ọ̀nà dára. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo bi ló ti rìn ín dé ibí. Ìwọ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀ kejì. Bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀nà ṣe, àfi kí n ka tìrẹ mọ́ ọn. Mo kà á, Òkété. Ó dùn mí."

Òkété ní, nítorí náà kí ọba dí i.

"Bí mo bá dí i, báwo ni wọn yóò ṣe máa wá kí ọ? Ìwọ ro ti àwọn tí yóò gba ọ̀nà wọlé, o kò ro ti àwọn tí yóò gbà á jáde. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kì í ní ẹnu kan. Iṣẹ́ tí mo rán ọ kọ́ lo jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí o jẹ́ ló ṣẹ. O ní kí ọnà tọ ọ̀nà lọ. Ó ti tọ̀ ọ́ lọ."

Wọ́n ní ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, wọ́n la ti Òkè-Èédú pẹ̀lú, iná Ẹfọ̀n kò sì kú mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ara ààlọ́ tèmi. Ti Òkété là ń wí.

Àwẹ̀ró mú un lọ sílé rẹ̀ tuntun. Ó bu omi fún un, ó gbé oúnjẹ fún un. Akókó wá, àwọn Ẹ̀gà wá, gbogbo wọn jókòó yí i ká, oòrùn sì ń wọ̀. Òkété ní kí Akókó jọ̀wọ́, kó sọ ìtàn rẹ̀. Akókó bẹ̀rẹ̀. Ara tu Òkété. Ó ti pẹ́ tí ara ti tù ú bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ń gbọ́ ìtàn, ó ń gbọ́ ohùn wọn, ìtàn sì kọjá ìdajì, ó ń lọ sí òpin. Ojú rẹ̀ ń wúwo. Ó ní òun kò ní sùn. Ó ní òun kàn fẹ́ pa ojú dé ni.

Ilẹ̀ kò gbàgbé. Ilẹ̀ là lábẹ́ rẹ̀ wẹ́lẹ́, ó gbé e mì, ó sì padé. Àwẹ̀ró na ọwọ́, ẹní àti yẹ̀pẹ̀ ló bá.

Nígbà tí Òkété la ojú, òkùnkùn ló rí. Ó fi èékánná walẹ̀, ó wà á, ó wà á, títí ó fi rí ìmọ́lẹ̀. Ó yọ orí síta. Abẹ́ igi ìyeyè ni.

Ó gbọ́ òòlù lókèèrè. Ó padà sínú ilẹ̀, ó kọjú sí ibi tí òòlù ti ń dún, ó tún gbẹ́ ọ̀nà mìíràn. Ó yọ orí. Abẹ́ igi ìyeyè ni, ní apá kejì. Ó tún gbẹ́ òmíràn. Abẹ́ igi ìyeyè náà ni. Gbogbo ọ̀nà tí Òkété ń là láti ọjọ́ náà, ilé ara rẹ̀ ló ń já sí.

Ìdí nìyẹn tí ihò òkété fi ní ẹnu púpọ̀. Ẹ bi ọdẹ, ọdẹ á sọ fún yín pé bí ẹ bá dí ẹnu kan, ó ní òmíràn. Ẹni tó bá sì rí ẹnu gbogbo wọ̀nyẹn á rò pé àwọn tó ń gbé inú ibẹ̀ pọ̀. Ẹnìkan ni. Ó ń dá gbé ni. Ó sì ń ṣa èso, ó ń ṣa èkùrọ́, ó ń ṣa ohunkóhun tó bá rí lójú ọ̀nà, ó ń kó o jọ sínú ilé, bóyá àlejò á dé.

Bí oòrùn bá ń wọ̀, á yọ orí, á dá orin rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má gbè é. Ẹ dákẹ́.

Ọ̀nà tuntun là gbọọrọ...

Ìyeyè pọ́n, ó ń já sílẹ̀...

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí? Fadérera, mo rí i pé ẹnu ń yún ọ. Òun náà nìyẹn. Á dá orin, á sì dúró níbi tó yẹ kí ẹ gbè é, á wá padà wọlé.

Kì í ṣe pé kí ẹ má rin ọ̀nà ni mo ń wí. Ọ̀nà ọ̀dà tó gba iwájú ilé wa yìí, èmi náà jó lọ́jọ́ tí wọ́n là á. Àwọn ọmọ mi tó gbà á lọ, iṣẹ́ wọn ń lọ dáadáa níbi tí wọ́n wà, inú mi sì dùn sí i. Mo kàn ń sọ pé bí wọ́n bá ń bi àwọn ènìyàn pé ọ̀nà yìí ńkọ́, kí wọ́n yà sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́nu rẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú.

Ibi tí ẹsẹ̀ ààlọ́ mi gùn dé nìyí, ibẹ̀ ló jókòó sí. Bí mo bá parọ́ níbẹ̀, kí ẹní yìí má gba ẹnikẹ́ni mọ́ yàtọ̀ sí ajá. Bí mi ò bá parọ́, kí ẹsẹ̀ tó gba ọ̀nà yìí lọ tún gbà á wá.